Maṣíìnì tó ń pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀: èmi aládìrẹ Ìtòkú ti lò ó lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ wá gbọ́ tẹnu mi

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣèlérí pé màá kọ nǹkan nípa maṣíìnì yìí, torí gbogbo ìgbà tí mo bá sọ pé mò ń lọ Èkó lọ pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ńṣe làwọn èèyàn máa ń wò mí bí ẹni tó ń lọ ṣe awo. Ìyá kan ní Ìtòkú tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé kì í ṣe àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣoògùn owó ni mo lọ ń bá, mo ní màmá, ọsibítù ni o, wọ́n tiẹ̀ ń fún mi ní rìsíìtì.

Kẹ́ ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, SS ni mí, ọmọ ọdún 33, àdìrẹ ni mò ń tà. Kíráísìsì kì í ṣe àlejò mi, láti kékeré la ti jọ ń gbé. Àmọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, mò ń wọn aṣọ fún oníbàárà kan, mo ti dé yáàdì kẹta, ọwọ́ òsì mi kàn ju aṣọ sílẹ̀. Mo gbé e, ó tún bọ́. Mo rò pé ó rẹ̀ mí ni, àfìgbà tí oníbàárà yẹn ní "Àǹtí, ẹnu yín ti ń wọ́ sápá kan o." Wọ́n sáré gbé mi, wọ́n ya àwòrán orí, rọpárọsẹ̀ ni. Kò le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, láàárín oṣù mẹ́ta ọwọ́ ti padà sípò, ṣùgbọ́n dókítà ò tàn mí, ó ní tí irú eléyìí bá ti wá bá ẹni tó jẹ́ SS lẹ́ẹ̀kan, ó mọ ọ̀nà ilé nìyẹn, ó ń padà bọ̀ tá ò bá wá nǹkan ṣe sí ẹ̀jẹ̀ yẹn.

Nǹkan tá à máa ṣe yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa tèmi, tí atẹ́gùn bá ti kúrò nínú ẹ̀, ńṣe ló máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á wá há sínú iṣan tóóró, ibi tó bá há sí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀, tó bá jẹ́ egungun, ìrora, tó bá jẹ́ ọpọlọ, ẹ ti mọ ìyókù. Dókítà ní àwọn fẹ́ kí S inú ẹ̀jẹ̀ mi, ìyẹn irú tó ń mú kó tẹ̀ yẹn, wálẹ̀ sábẹ́ 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Tèmi nígbà yẹn jẹ́ 88. Mo ní ṣé wọn ò kàn ní máa fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára lóṣooṣù ni, ó ní wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ báàgì ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé irin bíi 200 sí 250 mílígíráàmù wọlé, ara èèyàn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń lé irin dànù, kò pẹ́ tá á fi máa kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn. Pààrọ̀ ló dáa jù. Bí ti tuntun ṣe ń wọlé ni ti àtijọ́ ń jáde, irin ò rí àyè kó jọ.

Abẹ́òkúta níbí ni mo ti kọ́kọ́ ṣe é, lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é, kò sí maṣíìnì kankan níbẹ̀. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ jáde lọ́wọ́ ọ̀tún sínú báàgì, wọ́n á fi omi dírípù dí i, wọ́n á tún fà, kí wọ́n tó wá gbé ẹ̀jẹ̀ tuntun kọ́ sí tòsì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ o, ìgbà tá a máa ṣe tán wọ́n ti ń pe ìrun Mágàríbì ní mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ọsibítù. Òòyì kọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, àwọn nọ́ọ̀sì yẹn gbìyànjú gan, ọ̀kan nínú wọn ń fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́ pé èyí ló jáde, èyí ló wọlé, torí tí èyí tó ń jáde bá pọ̀ jù, ìfúnpá á já wálẹ̀, tí èyí tó ń wọlé bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á ki, ẹ̀jẹ̀ tó sì ki kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ rí. Gbogbo ìyẹn tá a ṣe, S mi bọ́ sí 54. Dókítà wò ó, ó ní ká lọ wá ibi tí maṣíìnì wà.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ maṣíìnì nìyẹn. Ọsibítù kan l'Ékòó ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mo ṣì ń padà lọ síbẹ̀, ẹ sì máa rí i níwájú pé ẹnu mi ò ní dákẹ́.

Orúkọ òyìnbó iṣẹ́ yìí ni apheresis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, kò sì ju "mú kúrò" lọ. Spectra Optia ni wọ́n kọ sára maṣíìnì tiwọn, ó dà bíi fíríìjì kékeré tó ní táyà lẹ́sẹ̀, tó wá gbé ojú tẹlifíṣọ̀n lérí, báàgì oríṣiríṣi fi dirodiro lára ẹ̀. Wọ́n á tẹ gíga mi, ìwọ̀n mi, pé obìnrin ni mí, PCV mi, ìyẹn bí pupa ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ mi, àti iye tí wọ́n fẹ́ kí S bọ́ sí, òun fúnra ẹ̀ ló máa ṣírò iye ẹ̀jẹ̀ tá a máa lò. Tèmi máa ń jẹ́ báàgì mẹ́fà.

Ẹ̀yin aláró ẹgbẹ́ mi, èyí máa tètè yé yín. Tẹ́ ẹ bá gbé ìkòkò aró kalẹ̀ tẹ́ ò fọwọ́ kàn án, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, omi á lé lókè. Nǹkan tí maṣíìnì yẹn ń ṣe náà nìyẹn, òun ò kàn ní sùúrù àtidúró ni, ńṣe ló ń yí ẹ̀jẹ̀ bírí bírí kí èyí tó wúwo lè tètè yà sọ́tọ̀. Pupa ló wúwo jù, á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, àwọn funfun àti platelets tó máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì á ṣe fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín, pílásímà tó jẹ́ omi á wà nínú lọ́hùn-ún. Ó wá kù sí ohun tí dókítà fẹ́ mú kúrò. Tèmi, pupa ni, ó ń kó pupa tèmi dà sínú báàgì ìdọ̀tí, ó ń dá omi àti funfun mi padà fún mi, ó sì ń fi pupa táwọn èèyàn fún mi lọ́rẹ rọ́pò. Gbogbo ẹ̀ láàárín wákàtí méjì, ìgbà mìíì kì í tiẹ̀ pé méjì. Ẹ rántí Mágàríbì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Bó ṣe rí lára ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fà á nípọn, mi ò ní tàn yín, ẹ máa mọ̀ pé nǹkan wọlé. Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, èyí tó wà lọ́tùn-ún yẹn ẹ ò gbọdọ̀ ká a kò, ìgbà àkọ́kọ́ mo gbàgbé mo fẹ́ fi mú fóònù, maṣíìnì pariwo tí gbogbo wọ́ọ̀dù yíjú sí mi bí ẹni tó jí nǹkan. Imú wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ọwọ́ méjèèjì wà lórí pílò, imú ń yún, mò ń ṣe fín-ín fín-ín bí ehoro, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ló wá bá mi ha á, ó ní "Ṣé apá ọ̀tún ni àbí apá òsì?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé maṣíìnì tún pariwo.

Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú ogún, ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí ẹ̀, ó dé orí ìka. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé rọpárọsẹ̀ ti tún dé. Oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀jẹ̀ kó má bàa dì nínú rọ́bà ló ń fà á, citrate ni wọ́n ń pè é, ó máa ń so mọ́ kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, kálísíọ̀mù á wá lọ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Wọ́n dín eré maṣíìnì kù, wọ́n fún mi ní kálísíọ̀mù jẹ, ó lọ. Èyí tó dùn mí nínú ẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀! Ká ní wọ́n sọ ọ́ ni, ọkàn mi ò bá má fò sókè báyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ jẹun dáadáa, ẹ mu omi dáadáa láti àná ẹ̀ kí iṣan lè jáde, ẹ mú súwẹ́tà dání torí inú fíríìjì ni ẹ̀jẹ̀ yẹn ti ń bọ̀, òtútù ẹ̀ máa ń wọ èèyàn lára, tí ètè bá sì ti ń ṣe yín bákan, ẹ sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe akọni.

Bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lọ́jọ́ kan báyìí, èmi rò pé ẹgbẹ́ mi ni, àfi bí mo ṣe rí i pé báàgì ìdọ̀tí tiẹ̀ ò pupa, ó dà bí òróró ẹ̀pà. Pílásímà ni wọ́n ń yọ lára tiẹ̀. Myasthenia gravis ló ń ṣe é, àwọn ọmọ ogun ara ẹ̀ fúnra wọn ló ń gbógun ti ibi tí iṣan tó ń gbé iṣẹ́ ti ń bá ẹran ara sọ̀rọ̀, ìpéǹpéjú á máa wó lulẹ̀, ó ní nígbà tóun kọ́kọ́ dé, àmàlà gan-an ò ṣeé gbé mì. Inú pílásímà làwọn ọmọ ogun burúkú yẹn wà, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dà á nù tí wọ́n sì ń fi albumin, omi purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, dípò ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ní kó ṣe é, ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan, ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn, ó sì ń jẹ mọ́ínmọ́ín lójú mi. Kì í ṣe pé àìsàn yẹn ti lọ pátápátá o, wọ́n ṣàlàyé fún un pé ó máa lo oògùn lọ, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń bá a là ná.

Mo wá bi dókítà wọn pé ṣé gbogbo àìsàn ni maṣíìnì yìí ń wò ni, ó ní rárá, ó níye. Ó ka díẹ̀ fún mi: Guillain-Barré, èyí tí ẹsẹ̀ èèyàn á kàn kú tá á máa gòkè bọ̀ wá sí àyà, leukaemia tí funfun inú ẹ̀jẹ̀ bá ti pọ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ ò lè rìn mọ́, àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní TTP, tí ẹ̀jẹ̀ á máa dì wẹ́wẹ́ káàkiri ara, ó ní kí wọ́n tó mọ̀ pé pílásímà ló yẹ kí wọ́n máa pààrọ̀, bí èèyàn mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń kú, ní báyìí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ń yè é. Ní ti àwa SS, rọpárọsẹ̀ ló wà níwájú, àti kíráísìsì inú àyà tó bá le gan. Kíráísìsì lásán tẹ́ ẹ lè fi oògùn ìrora àti omi lé lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín.

Ìtàn kan tí dókítà yẹn sọ ò kúrò lórí mi. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, l'Amẹ́ríkà, ọmọ ẹnjiníà IBM kan, George Judson, ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, bàbá yìí wá lọ bá àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọmọ ẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi wàhálà ya ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní òun lè ṣe maṣíìnì fún un. Òun àti dókítà Emil Freireich ni wọ́n jọ ṣe é. IBM tó ń ṣe kọ̀ǹpútà! Mi ò lè wo maṣíìnì yẹn mọ́ kí n má rántí bàbá yẹn.

Ẹ jẹ́ n wá bọ́ sí ibi tó dùn mí.

Ìgbà kẹta tí mo lọ. Mo ti sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ágége mọ́jú kí n lè tètè dé, aago méje ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀, maṣíìnì wà nílẹ̀, nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀. Àwọn rọ́bà àti báàgì tí wọ́n ń gbé wọ inú maṣíìnì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó tí wọ́n á sọ ọ́ nù, ìyẹn ló wà nínú sítọ́ọ̀, wọ́n sì ti sítọ́ọ̀ pa. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi ìsìnkú. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ó wà nínú àpò agbádá ẹnì kan tó ń jó níbi òkú àgbà. Aago kan kọjá dáadáa kí wọ́n tó rí i, kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n "ní sùúrù bí Kristẹni." Mo ní Mùsùlùmí ni mí.

Owó ńkọ́, ẹ máa bi mí. Mi ò ní kọ iye torí kó tó di oṣù tó ń bọ̀ ó ti yí padà, rọ́bà yẹn láti òkè òkun ló ń wá, dọ́là ló ń dá iye ẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣá ti mọ̀ pé wọ́n ní kí n máa wá lọ́sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà, owó ní kí n máa wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Owó ló borí. Láàárín, oògùn Hydroxyurea ni mo fi ń di ara mú, ojoojúmọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí maṣíìnì kan tàn mí pa ìyẹn tì, torí mùdùnmúdùn egungun mi ò mọ̀ pé mo lọ Èkó, S ló ṣì ń ṣe lọ ní tiẹ̀.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ èyí tó le jù, kì í ṣe owó. Ẹ̀jẹ̀ ni. Báàgì mẹ́fà, èèyàn mẹ́fà. O ni mí, nítorí náà O ni mo lè gbà. Wọn ò sì fẹ́ ti AS fún wa, torí kí la fẹ́ yọ S sí ká tún gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn gbé e wọlé, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS nílẹ̀ yìí. Wọ́n tún ń wo C, E àti Kell, àwọn àmì mìíì tó wà lára ẹ̀jẹ̀ pupa, pé ó bá tèmi mu, kí ara mi má bàa di ẹni tó ń bá gbogbo ẹ̀jẹ̀ jà lọ́jọ́ iwájú.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo kó èèyàn mọ́kànlá, gbogbo wọn ló ní O làwọn, a wọ réluwéè ní Láderin, gbogbo wa jókòó pọ̀ bí ẹni ń lọ sóde ìyàwó, mo ra Gala, mo ra omi, àbúrò bàbá mi kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣe fàájì pé ẹ̀jẹ̀ òun ẹ̀jẹ̀ jagunjagun Ẹ̀gbá ni, kí wọ́n fa méjì lára òun. A dé Èkó, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò. Méjì jẹ́ AS, wọ́n ní àwọn á gba tiwọn fún aláìsàn mìíì, ẹnì kan PCV ẹ̀ kéré, ẹnì kan ìfúnpá ẹ̀ lọ sókè. Jagunjagun Ẹ̀gbá rí abẹ́rẹ́, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, ibùdókọ̀ réluwéè la ti padà rí i nírọ̀lẹ́, ó ti jókòó, ó ń jẹ Gala. Mẹ́fà ló kù, mẹ́fà gééré. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní parọ́. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́, Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni, ẹ̀sìn ẹ̀ ò gbà á láyè láti fún mi ní ẹ̀jẹ̀, òun ló jókòó sí sọ́ọ̀bù mi látàárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ó tà ju bí èmi ṣe máa ń tà lọ.

Èsì wá ńkọ́? Lẹ́yìn ti maṣíìnì àkọ́kọ́, S mi tó bẹ̀rẹ̀ láti 88 wá bọ́ sí 27. Àtìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ òsì mi ò tíì ju nǹkan sílẹ̀, kíráísìsì tó gbé mi dé ọsibítù ò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ferritin mi, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń sọ bí irin ṣe pọ̀ tó lára, sì dúró síbi tó wà. Maṣíìnì àti nọ́ọ̀sì àgbàlagbà tó ha imú mi, ìràwọ̀ márùn-ún. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fún aláìsàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, méjì. Ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi òkú, ẹ jẹ́ n má sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ SS, ti ọmọ yín yàtọ̀ sí tèmi, ẹ má dúró dìgbà tí ọwọ́ bá ju aṣọ sílẹ̀. Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní TCD, kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, wọ́n kàn ń gbé nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọmọ láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ. Láti ọmọ ọdún 2 dé 16, lọ́dọọdún. Tó bá ti dé 200 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti ń bọ̀ nìyẹn, ìwádìí tí wọ́n ṣe l'Amẹ́ríkà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998 fi hàn pé fífa ẹ̀jẹ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára déédéé ń dín rọpárọsẹ̀ kù ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ bi dókítà yín léèrè, tí kò bá sọ ọ́, ẹ̀yin ẹ sọ ọ́.

Ìwé gbèsè kan wà ní sọ́ọ̀bù mi, iwájú ẹ̀ làwọn tó jẹ mí lówó wà, ẹ̀yìn ẹ̀ làwọn tí mo jẹ ní ẹ̀jẹ̀, orúkọ wọn àti ọjọ́ tí wọ́n tún lè fún èèyàn, oṣù mẹ́ta fún ọkùnrin, oṣù mẹ́rin fún obìnrin. Fún ti ìgbà tó ń bọ̀ yìí, mo ti rí ẹni mẹ́rin kọ. Ó ku méjì. Ẹni tó bá jẹ́ O, tó jẹ́ AA, tí abẹ́rẹ́ ò sì ní gbé lọ síbi Gala, kó yà lọ́dọ̀ mi ní Ìtòkú.